Ohun Tí Ó Ṣẹ́kù Lórí Gíláàsì

Ó ti pé ọdún 17 tí mo ti ń fi ojú wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn lórí gíláàsì ní yàrá àyẹ̀wò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n gíláàsì kan ṣoṣo ni mo tíì gbé kúrò lábẹ́ awò rí, tí mo nù, tí mo tún dá padà, tí mo sì dìde lọ pe ẹlòmíràn kí ó wá bá mi wò ó, nítorí pé n kò gba ojú ara mi gbọ́. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ méjì tí kò bá ara wọn tan ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá kan. A ti rí ọ̀kan ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, a ti fún un lórúkọ, a sì ti kọ ọ́ sínú fáìlì. Èkejì wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Èmi ni n kò rí i.

Bàbá fún mi láyè kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti yọ ohun gbogbo tí ẹnikẹ́ni lè fi dá wọn mọ̀ kúrò. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pọ̀ ní ìlú káàkiri tí irú ẹ̀rọ tí a ń lò ni wọ́n ń lò, tí iṣẹ́ ń pọ̀ lé lórí bí ó ti ń pọ̀ lé wa lórí, tí irú gíláàsì yìí sì lè wà nínú àpótí wọn báyìí.

Àsìkò máńgòrò ni Bàbá kọ́kọ́ wá. Ọmọbìnrin wọn ni ó mú wọn wá. Wọ́n ní ó ti tó oṣù mélòó kan tí ìhà òsì ti ń wúwo, bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ sí abẹ́ egungun ìhà, àti pé bí wọ́n bá jẹ àmàlà díẹ̀, inú wọn á ti kún. Wọ́n ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ti mu àgbo. Dókítà fi ọwọ́ wá inú wọn, ó rí i pé spleen, ẹ̀yà inú tí ó sábà máa ń fara pamọ́ sí abẹ́ ìhà òsì, ti yọ jáde ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Ní agbègbè tiwa níhìn-ín, ibà ni ọkàn kọ́kọ́ ń lọ sí bí spleen bá wú, èyí kò sì burú, nítorí pé ibà tí ó ń padà wá lemọ́lemọ́ lè mú kí ó wú títí yóò fi kún inú, ó sì lè mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò pè é ní jẹjẹrẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ẹ̀rọ tí a fi ń ka ẹ̀jẹ̀ lọ́dọ̀ wa jẹ́ irú èyí tí ó ń pín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun sí ọ̀nà mẹ́ta péré. Ọ̀kan ni lymphocyte, èkejì ni granulocyte, tí ó jẹ́ pé neutrophil ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ẹ̀kẹta sì ni èyí tí ẹ̀rọ náà ń kọ MID sí lórí. Inú MID yìí ni ó ń da àwọn tí kò rí ibòmíràn fi sí: monocyte, eosinophil, basophil, àti àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbó, tí kò yẹ kí wọ́n tíì jáde kúrò nínú mùdùnmúdùn egungun. Sẹ́ẹ̀lì funfun Bàbá jẹ́ 96,000 nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ kan, ìwọ̀n tí kò ju orí píìnì lọ. Ti ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í sábà ju 11,000 lọ. Ẹ̀rọ sọ pé lymphocyte kó ìdá 68 nínú 100, granulocyte kó 20, MID kó 12.

Mo fa ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sórí gíláàsì, mo fi aró Leishman pa á, mo sì gbé e sí abẹ́ awò. Lymphocyte kún ibẹ̀ bámúbámú, kéékèèké, wọ́n ṣe rìbìtì, inú wọn dúdú kíki bí kóró ìṣin. Láàrin wọn ni a ti ń rí àwọn tí ó ti fọ́, tí kò ní ìrísí mọ́, bí ìgbà tí aró bá ta sí aṣọ funfun tí ènìyàn sì fi ọwọ́ nù ún. Sẹ́ẹ̀lì tí kò lágbára ni ó ń fọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá ń fa ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ sì mọ ohun tí ó ń sọ. Chronic lymphocytic leukaemia ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní CLL. Mo kọ èsì pé ẹ̀jẹ̀ náà jọ ti CLL, ọ̀gá wa wò ó, wọ́n fọwọ́ sí i.

Wọ́n tún mú ẹ̀jẹ̀ náà lọ sí ìlú mìíràn fún flow cytometry, èyí tí ń wo àmì tí ó wà lára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Èsì tí ó padà wá fara mọ́ ohun tí a sọ. Àwọn lymphocyte náà ní CD19 àti CD23, wọ́n sì ní CD5 tí ó jẹ́ pé ìran lymphocyte mìíràn ni ó ni ín gan-an. Ohun tí ó tún fi wọ́n hàn ni pé kappa nìkan, ọ̀kan nínú oríṣi protein méjì tí ó máa ń wà lára wọn, ni gbogbo wọn wọ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó dá, irú lymphocyte tí a ń pè ní B, èyí tí àwọn wọ̀nyí jẹ́, máa ń pín sí àwọn tí ó wọ kappa àti àwọn tí ó wọ lambda, bí èrò ọjà tí oníkálukú wọ aṣọ tirẹ̀. Bí o bá dé ibìkan tí o rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn nínú aṣọ kan ṣoṣo, o mọ̀ pé aṣọ ẹbí ni, àti pé ọ̀dọ̀ ẹnìkan ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá.

Èsì náà kò ní àṣìṣe kankan. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò rò dáadáa nígbà náà. Àwọn lymphocyte ni a ní kí wọ́n wò, wọ́n sì pààlà yí àwọn lymphocyte ká lórí kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é, wọ́n wo àwọn yẹn, wọ́n sì fi àwọn tó kù sílẹ̀. Ìbéèrè tí a bi ẹ̀rọ náà ni ó dáhùn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ wa. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sì pín sí ìdílé ńlá méjì. Ìdílé kìíní ni ti lymphocyte, tí ó ń rántí àrùn tí ó ti wọ ara rí tí ó sì ń bá a jà. Ìdílé kejì, tí a ń pè ní myeloid, ni ó bí neutrophil, eosinophil, basophil, àti sẹ́ẹ̀lì pupa pẹ̀lú àwọn platelet tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ní ọdún 1845 ni Rudolf Virchow ní Jámánì àti John Hughes Bennett ní Scotland, láìfi ẹnu kò, ṣàpèjúwe òkú tí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kún fún sẹ́ẹ̀lì funfun ju bí ó ti yẹ lọ, Virchow ni ó sì fún àrùn náà ní orúkọ tí ó wá di leukaemia. Lẹ́yìn ìgbà náà ni a wá mọ̀ pé kì í ṣe àrùn kan. Ó lè ti inú ìdílé lymphocyte wá, ó lè ti inú ìdílé myeloid wá, ó lè yára pa ènìyàn, ó sì lè máa rìn jẹ́jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. CLL jẹ́ ti ìdílé lymphocyte, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́. Ìbátan rẹ̀ ní ìdílé kejì ni chronic myeloid leukaemia, CML, òun náà ń kọ́kọ́ rìn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ láìtọ́jú, ó ń bọ̀ wá di èyí tí ń sáré.

Ẹni tí ó bá ní CLL tí kò tíì yọ ọ́ lẹ́nu púpọ̀, a kì í sáré fún un lóògùn. À ń ṣọ́ ọ ni. Ohun tí dókítà sọ fún Bàbá nìyẹn, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò sì sí ohun tí ó burú nínú ìmọ̀ràn yìí bí ó bá jẹ́ pé CLL nìkan ni.

Nígbà tí wọ́n padà dé, spleen ti dé ìdodo. Bàbá ti rù, ọmọbìnrin wọn sì sọ pé aṣọ tí wọ́n fi sùn máa ń rin gbìndìn ní òru. Sẹ́ẹ̀lì funfun ti di 148,000. Gbogbo wa rò pé CLL ti gbéra sọ ni, dókítà sì ti ń gbèrò láti bẹ̀rẹ̀ oògùn CLL. Wọ́n ní kí n wo gíláàsì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó gbé gíláàsì, mo tẹ́ ìwé èsì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Iná ti lọ, a sì ń dúró kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò mọ̀ bóyá mo lè jókòó ti ìwé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lymphocyte tí ó jẹ́ ìdá 68 nínú 100 ti wálẹ̀ di 46. Ó ṣe mí ní kàyéfì. Bí ó bá jẹ́ pé CLL ni ó ń gbéra sọ, kí ni ó dé tí lymphocyte fi ń dín kù? Mo fa ẹ̀rọ ìṣírò yọ. Ìdá 68 nínú 96,000 jẹ́ 65,280. Ìdá 46 nínú 148,000 jẹ́ 68,080. Lymphocyte kò kúrò lójú kan. Mo wá ṣírò àwọn tó kù: ní ọjọ́ kìíní wọ́n jẹ́ 30,720, nígbà tí Bàbá fi padà wá wọ́n ti di 79,920.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ohun tí mo ti ṣe. Ní ọjọ́ kìíní, mo rí granulocyte tí ó jẹ́ ìdá 20 nínú 100, mo sì rò nínú ọkàn mi pé lymphocyte ti lé wọn sí igun, pé wọ́n kéré. Ìdá 20 nínú 96,000 jẹ́ 19,200. Neutrophil ẹni tí ara rẹ̀ dá wà láàrin 2,000 sí 7,000. Èyí tí mo pè ní kékeré ti tó ìlọ́po méjì àbọ̀ èyí tí ó yẹ kí ó pọ̀ jù. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni mo kà, n kò ka iye, bẹ́ẹ̀ ni mo sì máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa pé iye ni kí wọ́n máa kà. Ohun mìíràn tún wà lórí ìwé náà. Platelet Bàbá jẹ́ 610,000, nígbà tí kò yẹ kí ó ju 450,000 lọ. CLL kì í mú platelet pọ̀. Bí yóò bá ṣe é ní ohunkóhun, dídín ni yóò dín in kù. Mo rí nọ́ńbà yẹn ní ọjọ́ kìíní, mo sì kọjá lára rẹ̀, nítorí pé mo ti ní orúkọ àrùn kan lọ́wọ́.

Nígbà tí iná dé, mo gbé gíláàsì tuntun sí abẹ́ awò, mo sì mú ẹ̀rọ ìkà-sẹ́ẹ̀lì tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀, èyí tí ń dún ní gbogbo ìgbà tí a bá ti ka 100 pé. Ọgọ́rùn-ún ni a sábà máa ń kà. Mo ka 500. Mo kúrò ní ibi tí lymphocyte ti pọ̀, mo rìn lọ sí etí àti ìdí gíláàsì níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tóbi máa ń rọ́ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí wọn: neutrophil tí ó gbó, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó, metamyelocyte, myelocyte, ìran kan pátá láti orí baba dé orí ọmọ, eosinophil tí ó pọ̀, àti basophil. Basophil ni ó dá mi dúró. Sẹ́ẹ̀lì tí inú rẹ̀ kún fún hóró dúdú tí ó ní àwọ̀ àlùkò, tí ó bo ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀ bí ẹ̀wà tí a kó kún inú igbá tí a kò rí ìdí igbá mọ́. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó dá, mo lè ka 100 sẹ́ẹ̀lì kí n má rí ju ẹyọ kan lọ, ìgbà mìíràn n kò tilẹ̀ ní rí rárá. Mo ka 31 nínú 500. Ìgbà náà ni mo dìde lọ pe ọ̀gá wa.

Wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́ láìsọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè pé, "Gíláàsì àkọ́kọ́ ńkọ́?" A kì í da gíláàsì jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ nù. Mo lọ fà á yọ nínú àpótí. Wọ́n wà níbẹ̀. Wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀, myelocyte àti basophil, láàrin agbo lymphocyte, ní etí gíláàsì níbi tí n kò dé.

Kí ènìyàn tó sọ pé àrùn méjì ni, ó ní àwọn nǹkan kan tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹni tí ó ní CLL, ara rẹ̀ kì í lè bá kòkòrò àrùn jà dáadáa, bí àkóràn ńlá bá sì kọlù ú, neutrophil rẹ̀ lè pọ̀ gan-an kí àwọn tí kò tíì gbó sì tẹ̀ lé wọn jáde. Ṣùgbọ́n àkóràn kì í mú basophil wá bẹ́ẹ̀, àwọn neutrophil náà kò sì ní hóró dúdú líle tí a máa ń rí lára wọn nígbà tí wọ́n bá wà lójú ogun. Ó tún lè jẹ́ pé CML nìkan ni, tí ó ti burú débi pé ó ti ń yí padà sí ti ìdílé lymphocyte. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, nínú àwọn tí CML wọn bá bọ́ sí ìpele ìkẹyìn, ó tó ẹnìkan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ti wọn ń gba ọ̀nà ti lymphocyte. Àrùn kan ṣoṣo ni yóò jẹ́ nígbà náà, tí ó ní ojú méjì. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a máa ń rí níbẹ̀ jẹ́ blast, ọmọ àìgbó tí ó tóbi, tí ó mọ́lẹ̀ nínú. Ti Bàbá gbó, wọ́n kéré, flow cytometry sì ti fi hàn pé wọ́n ní àmì CLL pípé. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí ń sáré kan tún wà tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa ń ní àmì ìdílé méjèèjì lára lẹ́ẹ̀kan náà, òun náà, blast ni, a kò sì rí blast tí ó tó nǹkan. Ní ti ibà, ibà kì í fi aṣọ ẹbí wọ lymphocyte.

Ohun kan tún wà tí ó mú kí n má ronú kan CML láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó ní CML tí a máa ń rí lọ́dọ̀ wa sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó 50, àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ń gun ọ̀kadà. Bàbá ti lé ní 70. Mo ti fi ọjọ́ orí pín àrùn fún ènìyàn kí n tó wo ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó kù ni ti Philadelphia chromosome. Chromosome ni okùn inú sẹ́ẹ̀lì tí ó gbé àwọn jíìnì, àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé. Ní ọdún 1960, Peter Nowell àti David Hungerford, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, rí chromosome kan tí ó kéré jù bí ó ti yẹ lọ nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn tí ó ní CML. Ọdún 1973 ni Janet Rowley fi hàn pé kì í ṣe pé ara chromosome náà sọnù, pàṣípààrọ̀ ni ó ṣẹlẹ̀: chromosome kẹsàn-án àti èkejìlélógún gé díẹ̀ lára ara wọn, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara wọn lódìkejì. Níbi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara wọn ni jíìnì tuntun ti yọ jáde, BCR-ABL1, tí ó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì kí ó máa bí sí i láìdáwọ́ dúró. Bí a bá rí jíìnì yìí nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó rí bí ti Bàbá ṣe rí, CML ni. Ó dùn mọ́ mi pé a lè wá a nísinsìnyí lórí GeneXpert, irú ẹ̀rọ kan náà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi ń wá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ohun tí a ń kì bọ̀ ọ́ nínú ni ó yàtọ̀. Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ Bàbá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, èsì sì dé: BCR-ABL1 wà níbẹ̀, ó sì pọ̀.

Ìbéèrè tí ọ̀gá wa béèrè lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé àwọn lymphocyte náà ní jíìnì yìí lára? Bí wọ́n bá ní in, á jẹ́ pé láti ara sẹ́ẹ̀lì ìyá kan ṣoṣo ni àrùn méjèèjì ti wá. Bí wọn kò bá ní in, á jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó bàjẹ́ nínú egungun ẹnìkan náà. Láti mọ̀ ọ́n, a ní láti ya lymphocyte sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó kù, kí a sì wá jíìnì náà nínú wọn nìkan. Nínú ọ̀pọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ti kọ ìròyìn rẹ̀ káàkiri àgbáyé, lymphocyte kò ní in lára, àwọn díẹ̀ sì wà tí ó ní in. A kò ní ohun tí a lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ìtọ́jú Bàbá kò dúró de ìyẹn.

Bàbá mi tí ó bí mi ní oko kajú, ó sì máa ń fi igi kan hàn wá nígbà tí a wà ní kékeré. Àfòmọ́ bo orí igi náà, ewé rẹ̀ sì ń rẹ̀, olúkúlùkù tí ó bá kọjá á ní kí wọ́n gé àfòmọ́ kúrò. Wọ́n gé e. Igi náà ń kú lọ. Ìgbà tí wọ́n wú ìdí rẹ̀ ni wọ́n rí i pé ikán ti jẹ gbòǹgbò rẹ̀ tán. Àfòmọ́ kì í ṣe irọ́, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, gbogbo ènìyàn sì rí i. Ohun tí ó gba ojú lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Dókítà ní kí n wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́ fún Bàbá, nítorí pé Bàbá mọ̀ mí, nọ́ọ̀sì ni wọ́n sì máa ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn. Ọmọbìnrin wọn ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Dókítà, àrùn méjì lára ẹnìkan lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé ojú lásán rèé? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ṣe bàbá mi?" Dókítà kò bú u, kò sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé sẹ́ẹ̀lì ń pín ní àràádọ́ta ọ̀kẹ́ lójoojúmọ́ nínú egungun, pé ìgbà mìíràn ó ń ṣèèṣì nígbà tí ó bá ń pín, pé bí ènìyàn ṣe ń dàgbà sí i ni àṣìṣe náà ń pọ̀ sí i, àti pé kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ní CLL, àrùn jẹjẹrẹ mìíràn máa ń tètè ráyè lára rẹ̀ ju ẹni tí kò ní in lọ. Wọ́n tún sọ fún un pé oògùn tí a fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ kan lè fa òmíràn nígbà míì, ṣùgbọ́n Bàbá kò tíì lo oògùn jẹjẹrẹ kankan, nítorí náà tiwọn kò ti ibẹ̀ wá.

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá béèrè pé, "Ìbejì ni wọ́n, àbí? Èwo ni Táyé, èwo ni Kẹ́hìndé?"

Dókítà ní, "Bàbá, CLL ni a kọ́kọ́ rí."

Bàbá ní, "Ẹni tí ẹ kọ́kọ́ rí ni Táyé. Ẹni tí ó rán an wá síta ni mò ń béèrè."

Kò sí ẹni tí ó lè dá wọn lóhùn. Àrùn méjèèjì lè wà nínú egungun fún ọdún gbọọrọ láìfara hàn, àrùn tí a kọ́kọ́ rí kì í sì í ṣe èyí tí ó kọ́kọ́ dé nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n èyí tí yóò kọ́kọ́ pa ènìyàn ni a mọ̀. CML ni. Oògùn CLL tí à ń gbèrò rẹ̀ kò ní kápá rẹ̀, Bàbá ì bá máa lo oògùn kí spleen sì máa tóbi sí i, a ó sì máa sọ pé CLL wọn ni ó lágbára. Oògùn ti CML wà, imatinib, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2001. Ó ń lọ tààrà sí ara ohun tí BCR-ABL1 ń ṣe, ó sì ń dí i lọ́wọ́. Owó rẹ̀ ga ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń fún àwọn aláìsàn CML ní oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2003, nípasẹ̀ ètò ìrànlọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Ọ̀pọ̀ ẹni tí mo mọ̀ ni ó wà láàyè lónìí nítorí rẹ̀. Bàbá gba ọ̀nà Òṣogbo lọ sí Ifẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin wọn gbé fáìlì dání, mo sì ti fi gíláàsì méjèèjì sínú páálí kékeré kan fún wọn pẹ̀lú òwú kí ó má baà fọ́.

Ní yàrá wa, a ti yí nǹkan kan padà. A kì í tún gbé èsì jáde mọ́ tí ó ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún nìkan, a máa ń kọ iye sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì funfun bá ti kọjá 50,000, ènìyàn méjì ni ó gbọ́dọ̀ wo gíláàsì náà, ẹnì kejì kò sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹnì kìíní kọ. Bí MID bá kọjá ìdá 10, a ó fi ojú kà á, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó ń gba àkókò. Àwọn kan nínú wa ń ráhùn lórí rẹ̀ nígbà tí èrò bá pọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń bá yí, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí a fi sílẹ̀.

Bàbá padà wá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń lo imatinib. Ara wọn ti le díẹ̀, spleen ti padà sókè ku ìka méjì. Sẹ́ẹ̀lì funfun ti wálẹ̀ láti 148,000 sí 71,000. Mo ṣírò rẹ̀ kí n tó wo ohunkóhun mìíràn. Lymphocyte jẹ́ ìdá 93 nínú 100, èyí tí í ṣe 66,030. Àwọn tó kù lápapọ̀ jẹ́ 4,970, nígbà tí wọ́n ti jẹ́ 79,920 rí. Mo ka 500 sẹ́ẹ̀lì, mo rìn dé etí gíláàsì ní gbogbo ọ̀nà. N kò rí myelocyte kan. N kò rí basophil kan. Àwọn lymphocyte wà ní ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ gan-an, kéékèèké, rìbìtì, dúdú bí kóró ìṣin, pẹ̀lú àwọn tí ó ti fọ́ láàrin wọn, bí ẹni pé oògùn náà kò kan ilé wọn rárá. Ìbéèrè tí a kò lè dáhùn nígbà náà, oògùn ti dáhùn ìdajì rẹ̀ fún wa lórí gíláàsì. Bí ó bá jẹ́ pé BCR-ABL1 ni ó ń gbé àwọn lymphocyte náà ró, wọn ì bá ti bá àwọn yòókù lọ.

Mo jáde lọ bá Bàbá níbi tí wọ́n jókòó sí. Mo ní, "Bàbá, ọ̀kan ti wọlé lọ, ọ̀kan ṣì jókòó síta." Dókítà tí ó wà lẹ́yìn mi ní kò tíì lọ, ó sùn ni, bí Bàbá bá sì fi oògùn sílẹ̀, yóò jí. Bàbá wo aago ara ògiri. Wọ́n ní àwọn ti jẹun kí àwọn tó kúrò nílé. Wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò bùbá, wọ́n yọ ìdì ọ̀rá kékeré kan, wọ́n sì ní kí n bá àwọn bu omi wá, kí n jẹ́ kí ó kún ife.